Ohùn Yín Tó Wà Lọ́wọ́ Àbúrò Mi

Bàbá mi, akọ̀wé mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Sátidé tó kọjá ló pé ọdún kan tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, mo sì wá sí Port Harcourt láti ṣe ìrántí yín. Inú yàrá yín ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Títí àbúrò mi ti pààrọ̀ kọ́tìnnì, ṣùgbọ́n fáìlì tí ẹ máa ń kó àwọn ímeèlì mi tí ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé sí ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo rẹ̀ lẹ lu ihò sí, bí ẹ ṣe máa ń ṣe sí ìwé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní Trans-Amadi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò lè bá mi wí mọ́. Mò ń jowú àbúrò mi. Kì í ṣe òní, ó ti pẹ́.

Ṣé ẹ rántí bí ímeèlì wa ṣe bẹ̀rẹ̀? Ọdún tí mo lọ kàwé ní Skọ́tíláǹdì, níbi tí mo wà títí di òní, ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ yunifásítì ní káfé kọ̀ǹpútà kan ní Choba, ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín. Ìka kan ṣoṣo lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀, kò sí kọ́mà, bí ẹni tó ń pariwo láti òdìkejì odò. Gbogbo Sátidé ni. Ẹ ó sọ bí òjò ṣe rọ̀ tó, ẹni tó bímọ ládùúgbò, àti ibi tí ẹ ti sùn lọ nígbà ìwàásù. Bí mo bá ti kíláàsì dé tí òtútù ti gé mi létí, lẹ́tà yín ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Títí nígbà náà. Kò sí ẹni tó dá sí ọ̀rọ̀ wa.

Títí wá dàgbà, ó ríṣẹ́, ó ra fóònù ńlá tí wọ́n ń fọwọ́ ra lójú fún yín, ó sì fi Wásáàpù sí i. Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà. Tí mo bá pe Títí, á ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí òun ni, á sì bú sẹ́rìn-ín. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nígbà tó bá wà nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wọn, ohùn yín ló ń gbọ́. Ìgbà mìíràn, ẹ á kọrin sí i. Èmi, ímeèlì kan lóṣù.

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí èmi náà lẹ́ẹ̀kan. Kí ni mo ṣe? Mo kọ̀wé padà pé gbogbo ayé ni wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ sí, lẹ́tà ni tèmi. Ìgbéraga ni, Bàbá. Mo kàn fẹ́ ní ohun kan tí Títí kò ní. Ẹ kò sì dán an wò mọ́. Ní ọdún méjì tó kẹ́yìn, àwọn ímeèlì yín tilẹ̀ dán sí i. Lẹ́tà ńlá pòórá, kọ́mà wà níbi tó yẹ. Mo fi yín yangàn níbi iṣẹ́, pé bàbá mi ń dàgbà, ó ń já fáfá sí i.

Ní Sátidé, lẹ́yìn àdúrà, Títí gbé fóònù sórí tábìlì ní pálọ̀, ó tú ohùn yín sílẹ̀. Ẹ̀rín yín gba gbogbo ilé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń sunkún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Títí tẹ̀lé mi.

"Àǹtí mi, kí ló dé?"

"Máa gbádùn bàbá rẹ lọ. Èmi ní lẹ́tà tèmi. Ìyẹn, o ò lè gbé e síta fún èrò."

Ó ń wo ilẹ̀. "Àǹtí mi, abeg, no vex. Èmi ni mo tẹ̀ wọ́n."

"O tẹ kí ni?"

"Àwọn ímeèlì yẹn. Bàbá ò ríran mọ́. Dókítà ojú ní ó ti pẹ́ jù. Mo máa ń ka tiyín sí wọn létí. Tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á sọ èsì sínú fóònù, èmi á tẹ̀ ẹ́ nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n mú mi búra pé mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún yín."

"Irọ́ ni!"

Kò bá mi jà. Ó wá ohùn kan nínú fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ni lóòótọ́:

"Títí, kọ ọ́ sí àǹtí rẹ báyìí. Ọmọ mi, mo rí fọ́tò rẹ... Dúró ná. Aṣọ wo ló wọ̀? Ṣé ó sanra ni àbí ó rù? Wò ó dáadáa fún mi."

Ó tẹ èyí tó tẹ̀lé e: "Búlúù? Ó dáa. Kọ ọ́ pé búlúù yẹn yẹ ẹ́ gan-an. Má kọ pé ó rù o, á máa ronú."

Mo mọ ímeèlì yẹn sórí. Mo wọ aṣọ náà títí tí èjìká rẹ̀ fi ya, torí ẹ ní ó yẹ mí.

Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Ṣé ẹ rò pé ojú tí mo fi ń wò yín á yí padà ni? Àbí lẹ́tà tí mo takú lé lórí ni ẹ kò fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Mò ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ríran, mo sì ń bínú pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń fèsì.

Ẹ má rò pé owú náà ti tán. Títí lẹ sọ fún nípa orúnkún tó ń ro yín, àti bí ẹ ṣe ń fọwọ́ tá ògiri dé ilé ìwẹ̀. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ ti fọ̀ ọ́, ẹ ti lọ̀ ọ́. Òun ló tọ́jú bàbá tó ń ṣàìsàn. Èmi, mò ń kọ̀wé sí bàbá kan tí ara rẹ̀ le, tí kò sí níbì kankan.

Lánàá mo bẹ̀ ẹ́ kó fi gbogbo ohùn náà ránṣẹ́ sí mi. A jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yín, à ń gbọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ọ̀kan, ìka rẹ̀ dúró, ó sì fò ó.

"Èyí ńkọ́?"

"Àǹtí mi, èyí jẹ́ tèmi."

Mo na ọwọ́ sí fóònù náà. Kò fà á sẹ́yìn. Ó kàn ń wò mí, omi sì kún ojú rẹ̀. Ọwọ́ mi wà lókè fún ìgbà díẹ̀, Bàbá. N kò ní purọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà mo gbé e padà sórí itan mi, mo ní kó tẹ èyí tó kàn.

Kí lẹ sọ fún un níbẹ̀? Mo ṣì fẹ́ mọ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ṣì ń ta mí lára. Ṣùgbọ́n mo ti fi í sílẹ̀ fún un.

Ẹ sùn re, Bàbá.

Èmi ni,
akọ́bí yín olówú, tí ìfẹ́ yín kò jẹ́ kó gbádùn.