Yàrá Tí Ẹ Kùn Sílẹ̀ De Àánú

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ọ̀tà níbí. Mo kí bàbá wa lórí àga wọn ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo kí Bùọ̀dá Kúnlé àti ìyàwó wọn. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ṣé òjò ti dé Ìsẹ́yìn? Níbí, ó ń rọ̀ bíi pé ó bá ilẹ̀ jà. Ọ̀nà Ìdíròkò ti di odò, ọlọ́kadà kì í gbé wa dé ẹnu géètì mọ́.

Ilé àlejò ìjọ la ṣì wà. Ó ku díẹ̀ kí a padà sí Mòsáḿbíìkì. Bàbá Àánú ń sáré físà kiri, èmi ń di ẹrù, mo sì tún ń tú u. Bí mo bá ń lọ sọ́jà Sàngó, mo máa ń gba iwájú ilé tí a kọ́kọ́ gbé nígbà tí a ṣègbéyàwó. Ẹ rántí yàrá kan yẹn, tí ẹ wá kí wa, tí ariwo ilé iṣẹ́ irin kò jẹ́ kí ẹ sùn, tí ẹ bi wá pé ṣé inú ẹ̀rọ ìlọta là ń gbé ni. Ilé iṣẹ́ ike ni Bàbá Àánú wà nígbà náà. Òórùn ike jíjóná kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀, síbẹ̀ ojú fèrèsé ni mo máa ń wà tí mo bá ń retí rẹ̀. Ibi tí ilé ìwé gíga wà báyìí, oko ẹ̀gẹ́ ni. Lónìí, àwọn ọmọ tó so táì ló ń rìn níbi tí ẹ̀gẹ́ ti ń ta. Ṣọ́ọ̀ṣì sì pọ̀ débi pé ìwàásù ọ̀kan ló ń parí gbólóhùn èkejì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i, lẹ́yìn náà màá bi ara mi: bí wọ́n bá ti ń pe Ọlọ́run sókè tó báyìí ní Ọ̀tà, kí ló dé tí àárò yàrá kan yẹn fi ń sọ mí, níbi tí a ti ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ kí a má baà jí ọmọ onílé?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó máa pa yín lẹ́rìn-ín. Àwọn ará ìjọ gbọ́ pé à ń padà sókè òkun, ni wọ́n bá kó kóòtù onírun wá, súẹ́tà, ìbọ̀wọ́, fìlà tó ń bo etí. Lọ́kàn tiwọn, kò sí òkè òkun kan àfi èyí tí yìnyín ń bọ́. Bẹ́ẹ̀, etí odò tí à ń lọ yìí, ooru ibẹ̀ máa ń tẹ àbẹ́là láìtàn án. A kò lè kọ ẹ̀bùn. Bàbá Àánú ń wọ kóòtù wò lójú ẹni tó gbé e wá, ó ń dúpẹ́, òógùn ń kán. Ìyá Sàkírà, télọ̀ òdìkejì wa, mùsùlùmí ọmọ Ọ̀tà gan-an, ní kí n kó wọn wá kí òun gé apá wọn. Ó bi mí bóyá oòrùn Ọ̀tà ò tó wa ni, tí a fi ń wọ bàálù lọ wá òmíràn. Ó ní bí òun bá jẹ́ pásítọ̀, ibi tó tutù ni ìpè tòun ìbá ti wá. Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Ṣé èmi náà gbọ́ ìpè yìí, àbí ọkọ mi ló gbọ́ ọ tí mo tẹ̀ lé e?

Níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló máa ń gbé Bàbá Àánú lọ sáwọn abúlé, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Èmi ń kọ́ àwọn obìnrin ní kíkà àti kíkọ, pẹ̀lú èdè Potogí mi tó ń tiro. Bí owó ìjọ bá pẹ́, àwọn ló máa ń gbé ẹja wá fún wa. Inú wọn dára. Ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo tí mo lè bá sọ̀rọ̀ láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀, Àánú ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Bùọ̀dá Kúnlé sọ fún mi pé ẹ ti kun yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, pé ẹ ti ra bẹ́ẹ̀dì kékeré síbẹ̀, nítorí a ti jọ fẹnu kò pé Àánú yóò dúró tì yín, kó lè lọ sílé ìwé gidi. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìjọ ṣe ìsìn ìdágbére fún wa. Àṣà wọn ni pé ọmọ tí míṣọ́nárì bá ń fi sílẹ̀, wọ́n á fà á lé àwọn ìyá ìjọ lọ́wọ́ níwájú pẹpẹ, kí ọmọ má baà rí ara rẹ̀ bí aláìlẹ́nìkan. Àánú kúnlẹ̀ dáadáa, bí ẹ ṣe kọ́ ọ. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Àmín ni gbogbo wa ń retí. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá dúró, ta ló máa máa bá mọ́mì mi sọ Yorùbá níbẹ̀?”

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ gbọ́ Yorùbá. Ẹkún ni èmi ń sun ní tèmi. Nígbà tí àwọn ìyá ìjọ nawọ́, ọwọ́ mi ò tú lára ọmọ. Wọ́n rò pé ẹkún ìdágbére lásán ni, wọ́n kúkú gbàdúrà lé àwa méjèèjì lórí pọ̀.

Nígbà tí a délé, Bàbá Àánú ní ilé ìwé ibẹ̀ kò dára, ó ní a sì ti ṣèlérí fún yín. Òótọ́ ni méjèèjì. Mo rán an létí pé olùkọ́ ni mí kí ẹnikẹ́ni tó pè mí ní míṣọ́nárì. Ó wá ní kí n fúnra mi kọ̀wé sí yín.

Màámi, ìyá àgbà ló tọ́ mi ní Òkèhò nígbà tí ẹ ń ta aṣọ òfì kiri. Ẹ ò ní ọ̀nà mìíràn, n kò sì jìyà. Wọ́n kẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ tí ẹ wá mú mi. Ẹ gbé búrẹ́dì dání, ẹ ń fi oríkì mi pè mí, mo sì sá sẹ́yìn ìyá àgbà, mo ní ẹ kú àbọ̀ mà, bí ẹni tó ń kí oníbàárà. Mo rí ojú yín lọ́jọ́ náà. Ẹ jókòó sórí ilẹ̀, ẹ ò fà mí, ẹ dúró títí mo fi sún mọ́ yín. Kì í ṣe ẹjọ́ ni mò ń rò. N kò ní irú sùúrù yẹn ni.

Nítorí náà, Àánú ń bá wa lọ. Ó lè jẹ́ Ọlọ́run ló gba ẹnu ọmọ sọ̀rọ̀. Ó sì lè jẹ́ ìdáwà mi ni mò ń fi ọmọ ṣe ọ̀pá fún. N kò mọ èyí tó jẹ́, n kò sì ní purọ́ mọ́ Ọlọ́run nítorí kí ọ̀rọ̀ lè rọ̀ yín lọ́rùn. Bí ẹ bá bínú, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọjọ́ Ẹtì la ó wá sùn lọ́dọ̀ yín kí a tó lọ. Bí inú bá ń bí yín, èmi ni kí ẹ bínú sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí Àánú rò pé òun ló gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀yin àti bàbá wa sí. A ó lọ, a ó bọ̀, a ó tún bá yín lórí ìdúró. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti àwọn tó ń hun òfì lẹ́yìnkùlé. Bàbá Àánú dọ̀bálẹ̀, Àánú kúnlẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó mọ̀ pé òun ń dùn yín,

Adéọlá