Afárá Tí Bímpé Fi Ẹnu Kọ́

Èmi, Elizabeth Monísọ́lá Lánípẹ̀kun, ọmọ bíbí Ìfàkì-Èkìtì, opó Wálé Lánípẹ̀kun, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí mo ń gbé ní Ìtapàjí-Èkìtì láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi níyàwó wá síbẹ̀, ni mo ń sọ̀rọ̀ yìí. Orí mi pé, ọkàn mi sì balẹ̀. Ojú nìkan ló ń ṣe bàìbàì, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Bánjí agbẹjọ́rò máa kọ ọ́ bí mo ti ń sọ ọ́, kí ó sì kà á sí mi létí kí n tó buwọ́ lù ú. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí. Ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti ṣe ṣáájú èyí, mo pa á rẹ́ lónìí. Bánjí ní ìwé ìhágún kì í gba ìtàn púpọ̀. Mo dá a lóhùn pé ogún tí kò bá ní ìtàn, ìjà ni í dá sílẹ̀.

Èkíní. Mo yan ọmọ mi ọkùnrin, Súnkànmí, tí ń ṣiṣẹ́ ní Adó, àti ọmọ mi obìnrin, Ọpẹ́yẹmí, tí ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Ọyẹ́, pé kí wọ́n jọ pín ogún mi bí mo ti là á sílẹ̀ níbí. Kí Súnkànmí má ṣe sọ pé òun ni ọkùnrin. Kí Ọpẹ́yẹmí má sì sọ pé òun ni ó kàwé jù.

Èkejì. Ilé tí mo ń gbé, tí ó kọjú sí òpópó tí ó lọ sí odò, mo fi í fún Súnkànmí. Kí yàrá méjì tí ó wà lápá ọ̀tún jẹ́ ti Ọpẹ́yẹmí níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà láàyè, kí ó lè ní ibi tí yóò sùn sí bí ó bá wálé. Bí òjò bá pọ̀, omi òpópó máa ń wọ àgbàlá ilé yìí títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Súnkànmí ti bi mí léèrè léraléra pé kí ló dé tí gọ́tà fi wà ní òdìkejì, tí kò sí lọ́dọ̀ wa. Kò sí nílé nígbà tí a pinnu rẹ̀. N ó sọ ọ́ fún un níbí, kí ó má baà bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

Ìjọba àpapọ̀ ni ó gbé owó kalẹ̀ fún ọ̀nà ìgbèríko ní ìpínlẹ̀ wa. Òfin tí ó bá owó náà rìn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọkọ́ sọlẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu àwọn tí ọ̀nà kàn. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Èyítáyọ̀ ni wọ́n rán sí wa láti Adó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, kí ó sì ya àwòrán ọ̀nà kí àwọn ẹnjiníà tó dé. Ó fi àwòrán tí ó mú wá kọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ilé ìwé, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, lẹ́ẹ̀dì la fi ya èyí, kì í ṣe tàdáwà. Ohun tí ẹ bá ní kí a pa rẹ́, a ó pa á rẹ́.” Mo bá ìjọba ṣiṣẹ́ títí irun mi fi funfun, n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu òṣìṣẹ́ wọn rí.

Nínú àwòrán náà, òpópó wa yóò gbòòrò, gọ́tà yóò wà lápá méjèèjì, ọ̀dà yóò sì dé etí odò. Etí odò ni ọ̀nà náà parí sí. Òdìkejì odò ni abà wà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà ń gbé, tí wọ́n ń dáko iṣu àti gbágùúdá lórí ilẹ̀ wa láti ayé bàbá ọkọ mi. Lẹ́ẹ̀rùn, ọmọdé lè fẹsẹ̀ la odò náà kọjá. Lójò, ó ń gbé màlúù lọ.

Gbóyèga, àbúrò ọkọ mi, ni alága ìgbìmọ̀ tí ìlú yàn sórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ó dúpẹ́, ó ní àwòrán náà tẹ́ wa lọ́rùn. A ti ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí Bímpé, ìyàwó rẹ̀, dìde.

Ó ní, “Mo wo gbogbo ulé yìí, n kò rí ẹnì kan láti abà.”

Gbóyèga ní, “Ìpàdé ará ìlú ni èyí. Àlejò ni wọ́n.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, baálé mi. Ṣùgbọ́n uṣu tí a jẹ kí a tó wá síbí, àwọn àlejò náà ni wọ́n kọ ebè rẹ̀. Ọ̀nà tí kò dé ọ̀dọ̀ uṣu, kí ni ọkọ̀ yóò máa rí rù níbẹ̀?”

Kò gbé ohùn sókè. Kò sì jókòó títí tí wọ́n fi dá a lóhùn. Èyítáyọ̀ ní òfin owó náà kò sọ pé kí a gbọ́ tẹnu ará ìlú. Ó ní kí a gbọ́ tẹnu ẹni tí ọ̀nà kàn. Ó ní ìpàdé kejì yóò wáyé ní abà fúnra rẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwọn ará ìlú bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí àwọn àgbẹ̀ náà kò sì lọ sóko. Nígbà tí a ń lọ sílé, ẹ̀yìn Gbóyèga àti ìyàwó rẹ̀ ni mo ń rìn. Gbóyèga ń lọ níwájú, Bímpé ń tẹ̀ lé e lókèèrè títí wọ́n fi yà sí ilé wọn.

Ẹ̀kẹta. Àwọn ewúrẹ́ mi, mo fi gbogbo wọn fún Ọpẹ́yẹmí. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ràn ewúrẹ́. Kí ó tà wọ́n bí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n òbúkọ dúdú tí ń já okùn, kí ó má tà á fún ẹni tí kò ṣẹ̀ wá.

Kí àwọn ọmọ mi mọ̀ pé nígbà ìpàdé yẹn, èmi àti Bímpé kì í bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Bímpé ń ta àgúnmu fún àwọn aláboyún ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí mo jẹ́ olórí rẹ̀. Mo lé e kúrò níbẹ̀ lójú gbogbo wọn. Iṣẹ́ mi ni mo ṣe. Bí ó bá tún di òní, n ó tún lé e. Òun náà kò jẹ́ kí ó tán nínú rẹ̀. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi nítorí pé ìyálé rẹ̀ ni mo jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń kúnlẹ̀ láìlanu. Nígbà tí kò rí ibi tà sí mọ́ láàárín ìlú, ó gbé igbá rẹ̀, ó la odò kọjá sí abà. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ èdè Ẹ̀bìrà, tí ó fi ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ibi tí mo lé e lọ ni ó ti rí èdè tí ó padà wá fi ṣe ìlú lóore. Iṣẹ́ Ọlọ́run nìyẹn, kì í ṣe tèmi.

Ẹ̀kẹrin. Àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé ìwọ́ ọmọ, àti ìwo tí mo fi ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ti ń lù nínú ìyá rẹ̀, kí wọ́n fún nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tí ó bá wà ní ilé ìwòsàn wa lọ́jọ́ tí mo bá kú. Òṣùwọ̀n tí a fi ń gbé ọmọ kọ́ láti mọ bí ó ti wúwo tó, kí wọ́n gbé e lọ sí abà, kí wọ́n fi kọ́ ilé Onímísì tí ó jẹ́ àgbà wọn, kí gbogbo ìyá ọmọ ibẹ̀ lè máa lò ó.

Ìpàdé abà ku ọ̀la nígbà tí Bímpé wọlé tọ̀ mí wá. Ó kúnlẹ̀, ó sì la ẹnu lọ́jọ́ náà. “Ìyálé mi, àwọn ọkùnrin yóò sọ ti uṣu lọ́la. Ti ìkúnlẹ̀ abiyamọ, kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ fojú rí i.”

Mo ní orúnkún mi kò lè la odò mọ́.

Ó ní, “Èmi ni n ó dì yín mú.”

N kò bá a sọ ti àtijọ́, òun náà kò sì bá mi sọ ọ́. Mo ní kí ó tètè wá pè mí.

Òjò rọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Nígbà tí a dé etí odò, omi ti dé itan. Awakọ̀ tí ó gbé Èyítáyọ̀ wá ti ń yí ọkọ̀ padà. Ọmọbìnrin náà bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ó ní, “Bí n kò bá lè kọjá lónìí, ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún mi gan-an nìyẹn.” Ó bọ́ sínú omi. Bímpé di èmi mú lápá kan, ó di Èyítáyọ̀ mú lápá kejì. Nígbà tí a dé àárín odò mo wẹ̀yìn, mo rí Gbóyèga tí ó dúró sí etí omi nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, ó ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò pè é.

Ní abà, mo sọ ti ìyàwó Onímísì. Ìrọbí mú un lójò. Àwọn obìnrin gbé e dé etí odò, èmi náà dé etí odò lápá tiwa, pẹ̀lú báàgì mi. Omi wà láàárín wa. Mo ń kígbe sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún wọn, wọ́n sì ń ṣe é. Ọmọ wá sáyé, ó sì ké. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá, ọwọ́ mi kò sì tó o. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wò ó títí ó fi dákẹ́. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. N kò tí ì sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba rí kí ó tó di ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí mo jókòó, Onímísì dìde, ó sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Bímpé ń sọ ọ́ fún wa bí ó ti ń bọ̀. “Ó ní àwọn kò bèèrè ọ̀dà. Ó ní kí ẹ fún àwọn ní afárá, ẹsẹ̀ àwọn yóò ṣe ìyókù.”

Èkarùn-ún. Oko kajú mi tí ó wà lọ́nà Ìkọ̀lé, kí Súnkànmí àti Ọpẹ́yẹmí pín in dọ́gba-dọ́gba. Kí wọ́n má ṣe gé igi tí ó wà láàárín láti fi mọ ààlà. Òkúta ni kí wọ́n rì.

Ìpàdé kẹta padà sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Èyítáyọ̀ kò fi ohunkóhun pamọ́ fún wa. Ó ní owó tí ó wà nílẹ̀ kò lè fẹ òpópó, kí ó ṣe gọ́tà lápá méjèèjì, kí ó sì tún kọ́ afárá. Ó ní kí a yan èyí tí a fẹ́. Àwọn ará abà wá lọ́jọ́ náà, wọ́n dúró sẹ́yìn lẹ́bàá ògiri. Gbóyèga rí i pé Onímísì wà lórí ìdúró. Ó gbé àga alága tí òun fúnra rẹ̀ jókòó lé, ó gbé e lọ bá a, ó sì padà wá darí ìpàdé lórí ìdúró títí ó fi parí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀wọ̀ tí mo ń fún ọkọ mi fún un.

Ó ní kí àwọn tí ń gbé òpópó wa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí àwa ni a ó pàdánù. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo ní, “Omi ń wọ ilé ìdáná mi, ṣùgbọ́n kò tí ì pa mí. Ẹ kọ́ afárá.” Kì í ṣe gbogbo wa ló gbà. Àwọn kan ní omi ń ba ọjà àwọn jẹ́, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Èyítáyọ̀ kọ ọ̀rọ̀ àwọn tí kò gbà sílẹ̀ bí ó ti kọ tiwa, ó ní kò ní sí èyí tí a ó yọ. Lẹ́yìn náà ni ó mú rọ́bà, ó pa àwòrán náà rẹ́ lójú wa, ó tún un yà: afárá lórí odò, òpópó bí ó ti wà, gọ́tà lápá kan ṣoṣo, ìyẹn apá ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbà. Apá tiwa kò ní. Mo rí i kí ó tó gbé lẹ́ẹ̀dì kúrò níbẹ̀, mo sì nawọ́ sókè pẹ̀lú àwọn tó kù.

Súnkànmí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. A ti kọ́ afárá náà, ó sì dúró dáadáa. Ní ìgbà òjò tó kọjá, mo jókòó sí iwájú ilé nígbà tí ọlọ́kadà kan gbé aláboyún kọjá láti abà, tí obìnrin mìíràn jókòó dì í mú lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ wọn gbẹ. Ó bímọ ní ilé ìwòsàn, òun àti ọmọ sì padà sílé láyọ̀. Bí omi bá wọ àgbàlá, gbá a jáde.

Ẹ̀kẹfà. Kí wọ́n sin mí sí Ìtapàjí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Àwọn ará ilé mi ní Ìfàkì yóò fẹ́ gbé mi lọ. Kí àwọn ọmọ mi bọ̀wọ̀ fún wọn, kí wọ́n fún wọn lóúnjẹ, kí wọ́n sì sin mí síbi tí mo wí.

Èkeje. Mo ní ilẹ̀ kékeré kan lẹ́bàá afárá. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ó di ti Bímpé, kí ó lè kọ́ ìsọ̀ síbẹ̀. Mo tún fẹ́ kí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ìwé yìí. Bánjí ní kò ṣeé ṣe. Ẹni tí ó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ìwé ìhágún kò lè jẹ ogún nínú rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀. Mo ní kí a pè é wá, kí a sì bi òun fúnra rẹ̀ léèrè, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn án. Ó jókòó tì mí, Bánjí sì là á yé e.

Bímpé ní, “Ẹ fi ulẹ̀ yín fún ọmọ yín, Ìyálé mi. Orúkọ mi ni kí ẹ jẹ́ kí ó wà lábẹ́ tiyín.”

Nítorí náà, ilẹ̀ ẹ̀bá afárá di ti Ọpẹ́yẹmí.

Bánjí ti ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí mo sọ ni ó kọ. Mo buwọ́ lù ú ní Ìtapàjí-Èkìtì, ní ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, ọdún 2025, lójú àwọn méjèèjì yìí tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, tí àwọn náà sì buwọ́ lù ú lójú mi.

Elizabeth Monísọ́lá Lánípẹ̀kun

Ẹlẹ́rìí: Joshua Fálúyì, aládùúgbò.

Ẹlẹ́rìí: Bímpé Lánípẹ̀kun, ìyàwó ilé wa.