Rárá Ẹ̀ẹ̀mejì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹrin

Kíláàsì àkọ́kọ́. Yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wa, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Àwa mẹ́rin péré. Olùkọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta – olùkọ́ sì ni gbogbo wa. Àga ọmọdé la jókòó lé, orúnkún wa ń kan àgbọ̀n. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, mi ò rẹ́rìn-ín síta.

Ìyáàfin Verna Aasgaard ló ń kọ́ wa bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Ó gbé aago ìdáná kékeré kan tó rí bí àkùkọ sórí tábìlì. Ó ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀ ni ìjọba ìpínlẹ̀ Minnesota ní kí òun kọ́ wa, ìṣẹ́jú kan ò sì ní dín. Aago ni màá máa pe obìnrin náà níhìn-ín.

Ìwé àṣẹ ìkọ́ni mi máa kú ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà. Wákàtí ẹ̀kọ́ márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó sọ ọ́ dọ̀tun. Mo ti kó mẹ́tàlélọ́gọ́ta jọ nígbà tí mo wà ní ìlú ńlá. Méjìlá ló kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú Aago.

Marlys Koskela, tó ń kọ́ kíláàsì kejì, gbé kọfí àti kéèkì pẹlẹbẹ wá, èyí tí wọ́n fi ṣokoléètì bò lórí. Ó ní kí n mú. Ojú tì mí, mo ní rárá. Ó ní ẹyọ kan ṣá. Mo ní rárá. Ó ní ìdajì ńkọ́, ó kéré tó báyìí. Mo ní rárá, ẹ ṣeun. Ó gbé àwo náà kúrò jẹ́jẹ́, bí ẹni tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́. Ebi sì ń pa mí! Nílé wa ní Louisiana, wọn kì í bi èèyàn léèrè. Wọ́n á kàn gbé àwo lé ọ lọ́wọ́: "Jẹun, jàre."

Ẹyọ kan ló kù nígbẹ̀yìn. Orrin Tveit, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ńlá níṣẹ́ igi, gé e sí méjì, ó mú ìdajì. Aago gé ìyókù sí méjì. Marlys tún gé ìyẹn náà. Nígbà tí àkùkọ fi máa ké, ohun tó kù nínú àwo kò tó oúnjẹ èèrà. Kò sẹ́ni tó mú un.

Ọjọ́rú, 15

Yìnyín ṣì le gbagidi lórí adágún. Mo jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró. Oṣù kẹrin mi nílùú yìí rè é, kò tíì sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Bí ọmọ ṣe ń so ìró pọ̀ mọ́ lẹ́tà la kọ́ lónìí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mi ò la ẹnu. Aago wò mí títí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìròyìn burúkú – wákàtí nìkan ò tó. Ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ tó ń yẹ ìwé wa wò ń fẹ́ ẹlẹ́rìí. Olùkọ́ kan gbọ́dọ̀ wá sí kíláàsì mi, kó wo bí mo ṣe ń lo ohun tí mo kọ́, odidi ẹ̀kọ́ kan, kó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kó buwọ́ lù ú. Fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ Aago, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún. Ìgbìmọ̀ á jókòó lọ́jọ́ kejì, wọn ò sì ní jókòó mọ́ títí di oṣù kẹsàn-án. Ọ̀gá àgbà ti bá mi sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: bí kò bá sí ìwé àṣẹ, ẹlòmíràn ló máa gba kíláàsì mi.

Kíláàsì kẹta àti ìkẹrin ni mo ń kọ́ pa pọ̀. Àwọn ti kẹta ti ń yan ibi tí wọ́n máa jókòó sí lọ́dọ̀ mi lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí n lọ bẹ ẹnì kan. Èmi tí mi ò lè tọrọ iyọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Èdè àwọn ará ibí, bí mo ṣe gbọ́ ọ sí:

"Kò burú jù" – ó dára gan-an ni.

"Ó yẹ kí n máa lọ" – á tún fi ogún ìṣẹ́jú dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó yàtọ̀ o" – kò dára rárá.

Marlys rí fìlà mi tuntun lónìí. Ó ní ó yàtọ̀ o.

Ọjọ́bọ̀, 30

Mo bi Orrin. Òun nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ń dilẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí mo ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà; gbogbo olùkọ́ yòókù ló wà níwájú ọmọ. Mo bá a tó ń fá pákó. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè ṣe ẹlẹ́rìí mi? Ó fẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lára awò ojú rẹ̀. "Èmi kẹ̀? Bóyá kẹ́ ẹ wá ẹni tó mọ̀wé. Pákó lèmi mọ̀."

Mo ní ó dáa, ẹ ṣeun. Mo yí padà. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi tó ń sọ pé "Ó dáa náà, àmọ́…" Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Omi ti ń lé sí mi lójú.

Bàbá Bóyá. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn láti òní lọ.

Àbámẹ́ta, 2 oṣù karùn-ún

Yìnyín adágún ti lọ. Gbogbo ìlú jáde lọ wò ó. Èmi wò ó láti ojú fèrèsé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Aago bi mí lójú gbogbo wọn: "Odalie, ẹlẹ́rìí rẹ ńkọ́?" Mo ní mo ń wá a. Bàbá Bóyá ń wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan sí i.

Kéèkì dé. Rárá, rárá, rárá.

Ọjọ́bọ̀, 7

Bàbá Bóyá wá tún pẹpẹ ìwé mi ṣe. Èmi ò mọ̀ pé ó bàjẹ́. Bí ẹ̀kọ́ ìwé kíkà ṣe bẹ̀rẹ̀ ló wọlé, ó ní ká má dá òun lóhùn. Sùkúrù kan ṣoṣo! Ó dé e, ó tú u, ó tún dé e, títí ẹ̀kọ́ fi parí. Ìtàn ọ̀kẹ́rẹ́ tó gbàgbé ibi tó kó èso rẹ̀ pamọ́ sí là ń kà. Hattie, tí mi ò tíì gbọ́ kó kàwé sókè rí, so ìró méjì pọ̀, ó dákẹ́. Mo dúró. Gbogbo kíláàsì dúró. Ó mú ìró kẹta jáde, ó sì ka odidi ìlà kan! Mo pàtẹ́wọ́. Mo wẹ̀yìn – sùkúrù ti já bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Bóyá.

Nígbà tó ń lọ, ó ní: "Kò burú jù." Mo wo pẹpẹ náà. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Mo ti rí i. Mo ti rí i!

Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo jókòó sí lónìí, mo sì ń gbọ́. Marlys ní: "Verna, ẹ mu kọfí díẹ̀." Aago ní: "Rárá o, má yọ ara ẹ lẹ́nu." Marlys ní: "Ìdajì ife ṣá." Aago ní: "Mo ti mu nílé." Marlys ní: "Ó ti wà nínú ìkòkò, á kàn ṣòfò ni." Aago bá mí kanlẹ̀: "Hẹ̀n-ẹ́n, bó bá jẹ́ pé ó ti wà nínú ìkòkò náà…" Ife mẹ́ta ló mu!

Ó kan Orrin. Bákan náà gẹ́lẹ́. Mo ń fàlà sí etí ìwé mi bí ẹni tó ń ka àgùntàn. Rárá, rárá, ó dáa. Rárá, rárá, ó dáa. Rárá àkọ́kọ́, ìkíni ni. Ìkejì, ọ̀wọ̀ ni. Ìkẹta nìkan ni ìdáhùn.

Èmi sì ti ń sọ rárá ìkẹta fún Marlys láti oṣù tó kọjá! Lójú wọn, mo fi gbogbo ọkàn kọ kéèkì, mo kọ kọfí, mo kọ àwọn náà. Nígbà tó débi tèmi lónìí, ó ti sú u. Kò tilẹ̀ bi mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Kíláàsì ìkẹyìn. Mo kọ́kọ́ yin òórùn kọfí kí Marlys lè rántí mi. Ó rántí. Ó ní ṣé màá mu díẹ̀? Mo ní rárá o, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo ń fi ìka kà á lábẹ́ tábìlì. Ó ní kéèkì kékeré kan ńkọ́? Mo ní mo ti jẹun. Ó fi ọ̀bẹ gé ọ̀kan sí méjì. Ṣé ó máa bi mí ṣá? Ó ní: "Àbí ìdajì?" Mo ní: "Hẹ̀n-ẹ́n, bó bá jẹ́ pé ẹ ti gé e náà…"

Ó ṣiṣẹ́! Lẹ́yìn náà Marlys kó ẹyọ mẹ́ta lé mi níwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Aago ní: "Ẹ wò ó, ó ń jẹun!" Orrin ní: "Mo ti rò pé kéèkì Marlys ló ń bà á lẹ́rù." Marlys ní: "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Kéèkì tó o ti ń jẹ láti ọdún mọ́kànlá, tí sòkòtò ẹ ò bá ẹ mu mọ́!"

Mo rẹ́rìn-ín. Síta. Mo wá sọ fún wọn bó ṣe rí nílé wa, pé ṣe ni wọ́n ń gbé àwo léèyàn lọ́wọ́.

"Láì béèrè?" Orrin ló bi mí.

Láì béèrè.

Ó rò ó títí. Ó ní: "Ó yàtọ̀ o."

Àkùkọ ké. Aago fún wa ní ìwé ẹ̀rí wákàtí méjìlá. Wákàtí mi pé. Ẹlẹ́rìí ni kò sí. Ó kù ọjọ́ mẹ́jọ.

Ọjọ́rú, 20

Ẹnu ìṣirò ni mo wà tí ọ̀rọ̀ náà fi ta mí jí: Orrin! "Èmi kẹ̀?" Rárá àkọ́kọ́ mà nìyẹn! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bi í, mo sì sá lọ. Mo sáré lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ nígbà ìsinmi. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó ti lọ pẹja lápá àríwá, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi. Marlys ni, pẹ̀lú ìṣasùn gbígbóná – ẹran lílọ̀ tí wọ́n to ànàmọ́ dídín lé lórí. Ó ní ṣé màá bá àwọn lọ tún sàréè àwọn jagunjagun ṣe lọ́la, ọjọ́ ìrántí wọn. Mo ní rárá lẹ́ẹ̀mejì. Màá lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26

Kí ilé ẹ̀kọ́ tó ṣí, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, oòrùn adágún ti jó o.

Mo ní: Orrin, mo tún dé, lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yẹn.

Ó ní: "Ṣé ẹ ò tíì rí ẹni tó sàn jù mí lọ ni?"

Ìkejì. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sá. Mo di tábìlì rẹ̀ mú. Mo ní: ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́.

Ó fá pákó lẹ́ẹ̀kan. Ó fá a lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní: "Hẹ̀n-ẹ́n, bó bá jẹ́ pé kò ní yọ yín lẹ́nu…"

Ó fa dúrọ́à tábìlì rẹ̀, ó mú fọ́ọ̀mù kan jáde. Mo rò pé òfìfo ni. Ó kún dẹ́múdẹ́mú. Ọjọ́ keje oṣù karùn-ún ló wà lórí rẹ̀. Ojú ìwé méjì, lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó tò bí ìṣó. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Hattie wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé mo dúró de ìró kẹta láì gbà á lẹ́nu ọmọ náà. Nísàlẹ̀, lókè ibi tó buwọ́ lù: *Kò burú jù.*

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fún mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!

"Ẹ ò béèrè mọ́. Mo rò pé ẹ ti rí ẹlòmíràn. Kò yẹ kéèyàn máa fi ara rẹ̀ lọni."

Pẹpẹ ìwé mi wá ńkọ́?

"Kò sóhun tó ṣe é."

Mo gbé e lọ fún Aago ní yàrá ìkàwé, níbi tó ti wá ń gba fọ́ọ̀mù, kí ọmọ kankan tó wọlé. Mo ń sáré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sáré.

Ọjọ́bọ̀, 28

Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i! Aago fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ ní kíláàsì. Àwọn ti kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Kéèkì ní yàrá ìkàwé lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹyọ kan kù. A ń wò ó, ó ń wò wá. Marlys na ọwọ́ sí ọ̀bẹ. Orrin gbé àwo náà, ó rìn yí tábìlì ká, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Láì béèrè. Ojú rẹ̀ pọ́n ju ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ. "Jẹun, jàre," ló wí. Mo jẹ ẹ́ tán, odindi.

Bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́, Aago pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ó ní ṣé mi ò ní gba kíláàsì ìwé kíkà yìí lọ́wọ́ òun lọ́dún tó ń bọ̀, kí n máa kọ́ àwọn olùkọ́.

Mo ní: "Èmi kẹ̀? Ẹ wá ẹni tó mọ̀wé jù mí lọ."

Ó gbé àpò rẹ̀, ó ní ó yẹ kí òun máa lọ. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti tún bi mí. Mo ní rárá o, ẹ ṣeun gan-an ni. Ó mi orí, ó rọra rẹ́rìn-ín, ó na aago àkùkọ rẹ̀ sí mi bíi pé kó bá òun bẹ̀ mí. Ó ní òun á yà nílé mi lọ́la, tó bá ti di aago mẹ́rin.

Mo ti ra kọfí.