Awọ Ike Tí Kò Yọ́

Kúdẹtì, Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì

Awọ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń ṣe níbi iṣẹ́ kò yọ́ lónìí. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń wá èyí tó máa lè fara da ooru nínú ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì ṣe iná mànàmáná, yíyọ́ náà ló sì máa ń yọ́. Lónìí, odindi ló jáde nínú ààrò. Ṣadé tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dì mọ́ mi: "Ráṣídá, a ti ṣe é! Tètè kọ̀wé sí ọ̀gá."

Ọkàn mi ò gbà á. Mo ki ọwọ́ bọ inú ààrò tí a ò tíì pa, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

Nígbà tí Ṣadé lọ jẹun, mo bi Bàbá Làmídì tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ léèrè ohun tó ṣe ààrò náà.

"Ààrò yẹn ò gbóná dáadáa láti àná. Mo sọ fún Ṣadé, ó ní òun á sọ fún ẹ."

Bóyá ó gbàgbé ni.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, Ṣadé ra ọsàn fún mi ní Bẹẹrẹ, ó tún bèèrè ìwé tó ní kí n kọ sí ọ̀gá. Mo ní mi ò tíì kọ ọ́.

"Orúkọ tìẹ ni kó ṣíwájú tèmi nínú ìwé náà," ló wí.

Láti ọjọ́ tí a ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, orúkọ tirẹ̀ ló máa ń fẹ́ kó ṣíwájú.