Àrọ̀ Inú Kànga Yín

Bàbá mi, ẹni tó kọ́kọ́ fi okùn kànga lé mi lọ́wọ́,

Ẹ mọ̀ pé ìyà jẹ mí kí n tó dèèyàn. Mo ru gbágùúdá láti Ìmáṣàyí títí irun àárín orí mi fi re. Mo sùn lórí páálí ní gáréèjì, òjò ń pa mí. Mo ru ìrẹsì gba inú igbó ẹnubodè, ejò bù mí jẹ, mo fi aṣọ di ẹsẹ̀, mo tún ń lọ. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá wà ní Ìlaró tó ní òun ò mọ ilé mi, àlejò ni. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Èmi nìkan ni mo kọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò bá mi dá sí i.

Gbogbo ìyẹn ni mo là já o, Bàbá. Ẹja kékeré kan ló wá fẹ́ pa mí.

Àwọn àrọ̀ wẹẹrẹ tí ẹ máa ń sìn sínú kànga ẹ̀yìnkùlé wa ní Ayétòrò ni mò ń wí, àwọn tó ń jẹ tanwíjí inú omi. Ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n se ọbẹ̀. Kí ẹ tó sọ garawa kalẹ̀, ẹ máa ń fi í kan ògiri kànga, kọ́, kọ́, kí wọ́n lè yà. Ìgbà tí ẹ papò dà tán, ẹ̀gbọ́n mi Sàfúrá nìkan ló kù nínú ilé yẹn. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ tí omi fà, mo lọ fi àwọ̀n kó àwọn ẹja náà. Mo ní wọ́n ti pẹ́ jù nínú òkùnkùn, kí wọ́n wá máa gbé nínú iná mànàmáná. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ mi mú.

“Ẹja Bàbá ò bẹ̀ ọ́ pé kí o sọ àwọn dolówó.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo kó wọn wá sínú àpótí gíláàsì olómi tó wà ní pálọ̀ mi, èyí tí àlejò máa ń dúró wò kí wọ́n tó kí mi. Àwọn ẹja tí mo rà ní Kútọnu ti wà níbẹ̀. Mọ̀lẹ́bí epìyà ni wọ́n, àmọ́ wọ́n nílà lára bí aṣọ òkè. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, ọjọ́ tí mo na ìka sí i, ńṣe ló dojú kọ mí. Mo ní irú mi nìyí. Ẹni tó tà á kìlọ̀ fún mi pé kì í bá ẹja kéékèèké gbé. Mo ní àrọ̀ lẹ́gùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, yóò gba ara rẹ̀.

Mo tiẹ̀ gbé ìkòkò omi yín kékeré, èyí tí ẹnu rẹ̀ ti ṣán, sínú omi náà kí àwọn àrọ̀ lè máa sá sí i. Bàbá, ẹja Kútọnu gba ìkòkò yín. Òun àti abo rẹ̀ yé ẹyin síbẹ̀. Àrọ̀ tó bá yọjú, wọ́n á já a ní irùngbọ̀n, wọ́n á lé e mọ́ kọ̀rọ̀ títí yóò fi kú. Mo gbé gìrìpá yẹn kúrò, òmíràn jọba. Mo dá a padà. Mo ki ọwọ́ bọ omi láti lù ú, ó gé mi ní ìka jẹ.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Mo ti gbé e sínú garawa, mo fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, àmọ́ kò jẹun. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti tán lápá kan. Mo fi ìka kan etí garawa, kọ́, kọ́, ó sì rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣì rántí yín. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?

Ẹ̀gbọ́n ń pè mí lórí fóònù ṣáá. Kì í béèrè ilé, kì í béèrè mọ́tò tuntun. Àwọn ẹja ló ń béèrè. Mo ní wọ́n ń sanra. Èmi tí gbogbo àdúgbò ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀, mo jókòó ti garawa bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Kí ni kí n ṣe? Bí èyí bá kú, yàtọ̀ sí èmi àti ẹ̀gbọ́n, kí ló tún kù láyé tó ti gbọ́ ìró garawa yín rí?

Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n ń kó ẹrẹ̀ inú kànga yín ní Ayétòrò. Ṣé ẹja yìí á lè dúró dè mí? Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, màá gbé e sórí itan mi lọ sí Ayétòrò. Ìkòkò yín, màá fi sílẹ̀ fún àwọn ẹja Kútọnu. Ọmọ ti wà nínú rẹ̀. Màá sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ọ̀kan ló kù. Orúnkún mi ò gbà mí láti bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu kànga mọ́, màá bẹ̀ ẹ́ kó bá mi di okùn mú. Màá fi garawa kan ògiri kó tó kalẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ níbi tí ẹ wà, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà.

Èmi ni, ọmọ yín tó ti hewú, tó ṣì fẹ́ràn yín bí ìgbà tí kò tíì lè dá garawa fà.