Iná Tí Wọ́n Fi Du Bàbà Giyarto

Ọdún kẹta rèé tí o fi àwa ará ilé rẹ sílẹ̀ lọ, Giyarto. Ọdún mẹ́ta! Àwọn ará Tumang, abúlé wa, ṣì ń lu bàbà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àmọ́ ìró òòlù tìrẹ kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Retno ọmọ rẹ ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ilé ìdáná tó o bẹ̀rẹ̀ ti ní òrùlé. Lasmini ìyàwó rẹ ló di òòlù rẹ mú. Ìkòkò bàbà ló ń lù tà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti yi.

Iṣẹ́ kọ́ ló ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ tí Ngadimin ẹ̀gbọ́n rẹ sọ níbi ìsìnkú rẹ ni.

Àtùpà ńlá mọ́sálásí lẹ jọ ń ṣe kó o tó kú, nínú ilé iṣẹ́ Ngadimin. O ti lu etí tí wọ́n máa fi gbé e kọ́ títí ó fi le gbagidi. Lasmini gbé oúnjẹ wá, ó sì gbọ́ ohun tó o sọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó padà síná. Òòlù ti tẹ àwọn hóró tíntìntín tó para pọ̀ di bàbà yìí pẹlẹbẹ, wọ́n ti há mọ́ra wọn. Iná nìkan ló lè mú kí wọ́n rọ̀, kí wọ́n di tuntun. Bí a bá tún lù ú báyìí, yóò sán.”

Ngadimin rẹ́rìn-ín. “Ìwọ àti iná! Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè ni? Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e. Lù ú jàre.”

O lù ú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni, kí lo fẹ́ ṣe? Ibi tí wọ́n ti ń gbé àtùpà náà kọ́ ni etí ọ̀hún ti já, àtùpà sì wó lé ọ lórí. Ngadimin wá ń sọ fún àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn pé, “Àìfarabalẹ̀ àbúrò mi ló pa á.”

Níbi ìrántí rẹ tọdún yìí, Ngadimin tètè dé, àwọn àlejò kan sì ti ń jókòó sí pálọ̀. Ó bá Lasmini nídìí ìrẹsì tó ń sè.

“Ìyàwó wa, iná tí ọkọ rẹ bèèrè, èmi ni mi ò jẹ́ kó dá a. Foríjì mí.”

“Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ sọ ọ́ fún àwọn tó wà ní pálọ̀.”

“Níwájú àwọn alágbẹ̀dẹ ẹgbẹ́ mi?”

“Níwájú wọn náà lẹ ti bà á lórúkọ jẹ́.”

Ngadimin wá bàtà rẹ̀, ó lọ. Kò dúró gbàdúrà fún ọ.

Lasmini nu ọwọ́ rẹ̀, ó bọ́ sí pálọ̀, ó sọ ọ́ fún wọn látòkèdélẹ̀. Alágbẹ̀dẹ bàbà ni gbogbo wọn, ohun tí iná ń ṣe fún bàbà kò ṣàjèjì sí wọn. Bàbá àgbà kan ló wá ní, “A ti fura tipẹ́, ọmọ mi.”

Ìyẹn ló dun Lasmini jù. Wọ́n fura, wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ ìrántí rẹ lọ́dọọdún, wọ́n dákẹ́!

A ò ní purọ́ fún ọ pé inú wa ti yọ́, Giyarto. Kò tíì yọ́. Ṣùgbọ́n Retno gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, níwájú gbogbo wọn, pé bàbá òun mọ iṣẹ́, ó sì kìlọ̀. Àárò rẹ ń sọ wá. Ìfẹ́ rẹ kò kúrò lọ́kàn wa, kò sì ní kúrò.