Ìyá Mi ní Ilé Ẹrù Èbúté

Sátidé, Igbó-Ọrà

A ti dé láti Èkó. Ẹsẹ̀ Ìyá mi wú, ṣùgbọ́n wọn ò ráhùn.

Ilé ẹrù àtijọ́ ní èbúté ni mo mú wọn lọ wò, níbi tí bàbá wọn ti ṣe alárù. Ìjọba ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o. Háà! Òrùlé rẹ̀ ga ju ti ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ.

Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ní, "Màmá, ẹ má fọwọ́ kan ògiri o."

Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, bàbá mi wà lára àwọn tó ru bíríkì yìí látinú ọkọ̀ òkun."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. "Ẹ fọwọ́ kàn án, mà."

Ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, wọ́n ń ki oríkì bàbá wọn. Orí mi wú. Ilé ńlá náà ń gba ohùn wọn, ó ń dá a padà.